Pèpéle Pákó Níta Gbangba: Bó Ṣe Ń Bàjẹ́ àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe Fúnra Ẹni

Igi tó wà lábẹ́ omi títí kì í tètè jẹrà, nítorí afẹ́fẹ́ kò dé ibẹ̀. Igi tó gbẹ títí náà kì í jẹrà. Èyí tó ń tutù, tó ń gbẹ, tó tún ń tutù, tó sì ń pẹ́ kó tó gbẹ, òun ni ìyọnu ń bá, irú rẹ̀ gan-an sì ni pèpéle pákó tí wọ́n kàn sí ẹ̀yìn ilé tàbí iwájú ilé ìgbafẹ́. Gbogbo iṣẹ́ tí à ń ṣe lára rẹ̀, fífọ̀ ni o, fífá ni o, kíkùn ni o, ohun kan náà ni wọ́n wà fún: kí omi má tètè wọlé, kí èyí tó bá sì wọlé rí ọ̀nà jáde.

Ní Èkìtì, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin, ó sì ń rọ̀ títí di oṣù kẹwàá, àfi ìsinmi díẹ̀ inú oṣù kẹjọ. Láàárín àkókò yìí, agbára káká ni pákó fi ń gbẹ tán. Bí omi inú igi bá sì ti kọjá nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n igi náà, olú tó ń jẹ igi ti rí ibùgbé. Ìpẹ̀kun pákó, níbi tí ayùn ti gé e, ló ń mu omi jù, torí ibẹ̀ ni àwọn ihò tí igi fi ń gbé omi láti gbòǹgbò lọ sókè ti ṣí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kun ojú pákó dáadáa, wọn á gbàgbé ìpẹ̀kun.

Iṣẹ́ oòrùn yàtọ̀. Ìtànṣán rẹ̀ ń jẹ lignin, ohun tó ń ṣe gọ́ọ̀mù láàárín fọ́nrán igi. Òjò á fọ èyí tó ti jẹ dànù, ojú pákó á wá di aláwọ̀ eérú. Àwọ̀ eérú yìí kì í ṣe ìjẹrà rárá. Awọ òkè lásán ni. Bí a bá fá a díẹ̀, igi gidi wà lábẹ́ rẹ̀. Pèpéle tí wọ́n ti tú dànù nítorí àwọ̀ yìí nìkan, kò yẹ kí wọ́n tú u.

Irú igi náà ṣe kókó. Ìrókò, apá àti tíìkì ní oje inú tó ń dènà olú àti ikán. Arère àti àfàrà kò ní irú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n rọrùn láti gé. Àárín igi nìkan ni oje yẹn sì wà. Ibi funfun tó sún mọ́ èèpo, ì báà jẹ́ ti ìrókò, ikán á jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó bá lọ ra pákó ní sọ́ọ̀mìlì gbọ́dọ̀ wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má to funfun mọ́ ti gidi fún un. Kò sí epo tí a lè fi kun arère kó di apá.

Kí a tó da omi sí pèpéle tó ti pẹ́, a ní láti mọ èyí tó ṣì lágbára nínú rẹ̀. A ń fi ẹnu sikurudíráfà gún un, pàápàá ní ìpẹ̀kun pákó, níbi tó ti gbé lé igi ìsàlẹ̀, àti ní ìdí òpó. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, ibẹ̀ ti rà, yíyọ ni ti pákó bẹ́ẹ̀. A tún ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́, bóyá ikán ti fi amọ̀ la ọ̀nà gba ara òpó gòkè. Òpó kò gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀. Kọnkéré ló yẹ kó gbé e dúró. Àlàfo bíi mílímítà 5 láàárín pákó sí pákó tó fún omi láti jò lọ, bí ewé kò bá ti dí i.

Omi, ọṣẹ ìfọṣọ àti búrọ́ọ̀ṣì líle tó fún ọ̀pọ̀ ìdọ̀tí. A ń fọ̀ ọ́ tẹ̀lé bí fọ́nrán igi ṣe lọ, kì í ṣe ní ìdábùú. Wáyà tí wọ́n fi ń ha ìdí ìkòkò kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀: ẹ̀rún irin á kù sínú igi, á dógùn-ún, á sì di àmì dúdú. Bílíìṣì ń pa èébu àti nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ba ara igi náà jẹ́ pẹ̀lú, nítorí náà omi púpọ̀ la fi ń là á, a kì í sì í jẹ́ kó gbẹ mọ́ ọn lára. A kò gbọdọ̀ pò ó mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ásíìdì èyíkéyìí. Chlorine, afẹ́fẹ́ olóró tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ló ń jáde.

Dúdú tó yí orí ìṣó ká kì í ṣe èébu, bílíìṣì kì í sì í ràn án. Irin ìṣó àti oje igi ló pàdé nínú omi. Oxalic acid, irú ásíìdì kan, tí a pò mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń yọ ọ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, nítorí májèlé ni, a ó sì fi omi ṣàn án dáadáa lẹ́yìn náà. Bó bá jẹ́ ìṣó lásán ni, dúdú náà á padà wá. Èyí tí wọ́n fi síǹkì bò sàn jù. Ní ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò, ó yá lóòótọ́, àmọ́ agbára omi rẹ̀ ń họ fọ́nrán igi bí a bá sún un mọ́ pákó.

Epo kì í wọ inú igi tó tutù, nítorí náà ìgbà tí a ó kùn ún ṣe pàtàkì ju irú epo lọ. Ìsinmi oṣù kẹjọ máa ń tan ènìyàn jẹ: ojú pákó á gbẹ, inú rẹ̀ á ṣì tutù. Òpin oṣù kọkànlá ló dára, kí ọyẹ́ tó mú. Bí ọyẹ́ bá ti dé, eruku á lẹ̀ mọ́ epo tútù. Ẹni tí àkókò yẹn bá fò lè dúró di oṣù kejì, kí òjò tó dé.

Sánpépà nọ́ńbà 60 tàbí 80 tó láti fá a. Bí a bá fá a dán bí àga pálọ̀, epo kò ní wọlé mọ́, ẹsẹ̀ á sì máa yọ̀. Ìbòmú pọn dandan. Lẹ́búlẹ́bú ìrókò ń yún ara, ó sì ń fa ikọ́.

Fáníìṣì dára fún inú ilé. Níta, òkè pákó ló ń dúró sí. Bí igi bá ti wú tó sì sún kì, fáníìṣì á sán, omi á gba ibẹ̀ wọlé, á sì há sábẹ́ rẹ̀. Epo tó ń wọnú igi kì í bó. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìta, tó ní oògùn èébu, ló yẹ, torí òróró linseed (òróró èso ọ̀gbọ̀) lásán máa ń di oúnjẹ èébu níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀. Èyí tó ní àwọ̀ díẹ̀ ń pẹ́ ju aláìláwọ̀ lọ, àwọ̀ yẹn ló ń dí oòrùn lọ́nà. Àwọn káfíńtà kan á ní kí a lo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti kọ́ńdẹ̀m. Lórí igi òrùlé, ó lè yé ènìyàn. Lórí pèpéle tí ọmọdé ń jókòó sí, aṣọ ni yóò bà jẹ́ àti ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, epo gidi kò sì ní mú níbẹ̀ mọ́.

A ń kùn ún fẹ́lẹ́, nígbà tí oòrùn kò bá sí lórí rẹ̀, a ó kun ìpẹ̀kun pákó lẹ́ẹ̀mejì, a ó sì nu èyí tí igi kò mu kúrò. Àkísà tí a fi nù ún kò gbọdọ̀ wà ní kíkájọ. Òróró bíi linseed máa ń gbóná bó ṣe ń gbẹ, àkísà tó ká jọ lè fúnra rẹ̀ gbiná láìsí ìṣáná. A ń tẹ́ ẹ síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tàbí ká rì í sínú omi.

Lẹ́yìn ìyẹn, omi díẹ̀ tí a ta sí i ló ń sọ bí nǹkan ṣe rí. Bí omi bá ṣù sórí pákó, epo ṣì wà. Bí igi bá fà á mu láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, epo ti tán. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ọ̀sán ń bá jù ló sábà máa ń tètè tán, ibẹ̀ nìkan la lè fọ̀ ká sì tún kùn. Ìkòkò òdòdó àti ẹní rọ́bà ní tiwọn ń fẹ́ ṣíṣí nípò lóòrèkóòrè, torí abẹ́ wọn kì í gbẹ, kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn.