Asọ̀rọ̀mágbèsì tó dá owó padà sí báǹkì

Ìbéèrè: Wọ́n ní lọ́dún 1933, Ààrẹ Roosevelt ti Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ lórí rédíò lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn tó ti ń sáré kó owó wọn jáde ní báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o padà. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló ṣe é?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kọ́. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ló gorí àléfà. Nígbà tó di ọjọ́ 6, ó pàṣẹ kí gbogbo báǹkì tilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ 9, ilé aṣòfin ṣòfin pé báǹkì tí ìwé ìṣirò owó rẹ̀ bá dúró dáadáa nìkan ni yóò ṣí. Alẹ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ 12, ló tó jókòó síwájú makirofóònù. Kò lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 13 lọ.

Ìbéèrè: Kí ló wá sọ?

Ìdáhùn: Ó ní owó téèyàn bá fi sí báǹkì kì í jókòó sínú àpótí irin, báǹkì ti fi yá àwọn míì. Tí gbogbo ayé bá ya dé lọ́jọ́ kan náà, báǹkì tó lówó gan-an ò ní rí i san. (Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ya bo alájọ rí ò nílò àlàyé jù yẹn lọ.)

Èyí tó wú mi lórí jù ni pé kò tàn wọ́n. Ó ní òun ò ṣèlérí pé gbogbo báǹkì ló máa ṣí, tàbí pé ẹnikẹ́ni ò ní pàdánù. Ó wá to ọjọ́ fún wọn: ní Mọ́ńdè, ìlú 12 tí ẹ̀ka Federal Reserve, ìyẹn báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, wà, lẹ́yìn náà, àwọn ìlú míì, títí yóò fi kan àwọn ìlú kéékèèké. Ẹni tó bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà báǹkì tiẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè ti mọ̀ pé kò tíì kàn án ni. Ó ní owó wọn láàbò nínú báǹkì tó bá ti ṣí ju abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì lọ.

Ìbéèrè: Àbí ohùn rẹ̀ ló dùn?

Ìdáhùn: Ó dùn, kì í sì í kánjú. Ó tiẹ̀ ní eyín àtọwọ́dá kan tó fi ń dí àlàfo eyín iwájú rẹ̀ nísàlẹ̀, torí pé àlàfo náà máa ń mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ súfèé lórí rédíò. Èjí tí àwa fi ń ṣẹwà!

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀dá owó tó ń bá Amẹ́ríkà fínra nígbà yẹn wá parí?

Ìdáhùn: Rárá o. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n kó pamọ́ ti padà sí báǹkì, àmọ́ àìríṣẹ́ṣe ò kúrò nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí báǹkì wọn ò ṣí mọ́ sì dúró pẹ́ kí wọ́n tó rí díẹ̀ gbà.