Dáínò àti mítà afẹ́fẹ́-òun-epo: kí ni wọ́n ń wọ̀n gan-an?

Dáínò, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára mọ́tò, rólà ńlá ni. Wọ́n á wa mọ́tò gùn ún, wọ́n á fi bẹ́líìtì dè é mọ́lẹ̀ pinpin, ẹni tó wà nínú mọ́tò á wá tẹ tọ́rótù dé ìsàlẹ̀, táyà á máa yí rólà. Ẹ̀rọ ò rí ẹ́ńjìnì o, agbára tó dé orí rólà nìkan ló mọ̀, jíábọ́ọ̀sì àti táyà sì ti jẹ nínú ẹ̀ kó tó débẹ̀. Họ́sípáwà, ìyẹn ìwọ̀n agbára tẹ́ ẹ ń rí lójú sikirínì yẹn, ìṣirò ni: bí wọ́n ṣe fagbára yí i tó, àti bó ṣe yára yí tó.

Ẹ fi kóńgò rò ó ná. Ẹ ra gààrí ní Bódìjà láàárọ̀, ẹ tún ra ní Ọjà Ọba nírọ̀lẹ́, kóńgò ìyá kan ti tẹ̀ wọnú nídìí, ti èkejì pé, òkìtì tí wọ́n bù lé e lórí ò tún dọ́gba. Gààrí ta ló wá pọ̀ jù? Ẹni tó gun dáínò kan kó tó pààrọ̀ fíltà afẹ́fẹ́, tó lọ gun òmíì lẹ́yìn ẹ̀, tó wá ń pariwo pé òun rí họ́sípáwà 8 kún un, kóńgò méjì ló fi wọn gààrí kan.

Nítorí náà dáínò kan náà, jíà kan náà, afẹ́fẹ́ táyà kan náà, bẹ́líìtì fífà kan náà, fáànù níbì kan náà, omi àti ọ́ìlì gbóná bákan náà. Ẹ sá a lẹ́ẹ̀mẹta. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi họ́sípáwà 5 yàtọ̀ síra, tí fíltà yín wá fi 3 kún un, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Èmi tún máa ń ní kí wọ́n dá fíltà àtijọ́ padà, kí wọ́n sá a sí i, torí tí nọ́ńbà ò bá wálẹ̀, jíábọ́ọ̀sì tó ti gbóná ló fún yín, kì í ṣe fíltà.

Afẹ́fẹ́ àárọ̀ ọyẹ́ tutù, ó ki, ẹ́ńjìnì á lágbára sí i, ti ọ̀sán oṣù March fẹ́lẹ́, agbára á dín, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ìṣirò SAE J1349, ìlànà ẹgbẹ́ àwọn ẹńjiníà mọ́tò, tó ń gbé gbogbo ẹ̀ wá sí 25 dígírì. Àmọ́ tí wọ́n bá gbé tẹmómítà dáínò sẹ́bàá sàlẹ́ńsà, á rò pé ooru pọ̀ jù, á wá dáná agbára ọ̀fẹ́ fún yín.

Ó ku mítà afẹ́fẹ́-òun-epo, èyí tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó sí epo tí ẹ́ńjìnì ń jó, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń jẹ wá. Tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, afẹ́fẹ́ 14.7 sí epo 1 ló ń jó tán pátápátá, tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́rótù dé ìsàlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì tí ò ní turbo (fáànù tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnì), bíi 12.5 sí 13 lọ̀pọ̀ máa ń fẹ́. Sẹ́ńsọ̀ wideband, tí wọ́n ń dè mọ́ páìpù èéfín, ló lè ka ìyẹn, èyí tó wà lára mọ́tò àtijọ́ kàn lè sọ bóyá ẹ ti kọjá 14.7 tàbí ẹ ò tíì dé ibẹ̀ ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé sẹ́ńsọ̀ yẹn ò wọn epo fúnra ẹ̀, ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù nínú èéfín, tàbí èyí tí èéfín ṣì nílò kó tó jó tán, ló ń kà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi láptọ́ọ̀pù tún epo mọ́tò ẹ̀ ṣe pè mí ní Sátidé kan. Mítà ń ka 16, ó ní epo ò tó, ó ń fi kún un, ó ń fi kún un, sàlẹ́ńsà ti dúdú, òórùn epo ń ta wá nímú, mítà ò kúrò ní 16. Mo kọ́kọ́ ní kó fi rágì di ẹnu sàlẹ́ńsà kí n gbọ́ bóyá gáásíkẹ́ẹ̀tì ń fẹ́, torí ihò tó wà níwájú sẹ́ńsọ̀ máa ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé, ọ́síjìn yẹn náà á wá dàbí àìtó epo. Kò síbi tó ń fẹ́. A tú pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ̀kẹta jáde tó ń kán epo tótótó. Kò tàn rárá, afẹ́fẹ́ ẹ̀ ń jáde bó ṣe wọlé, mítà rí ọ́síjìn, ó pè é ní àìtó epo. A lọ ra kọ́ìlì tókúnbọ̀, èyí tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná, ní Gate n'Íbàdàn, ẹ́ńjìnì rọ̀ wọ̀ọ̀, mítà já sí 11 lójú ẹsẹ̀, ọ̀rẹ́ mi wá ń yọ gbogbo epo tó ti kó sí i kúrò díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.