Bí a ṣe ń yan táyà A/T fún píkọ́ọ̀pù tó ń gba ọ̀dà tó sì ń wọ oko ní agbègbè Ẹ̀pẹ́

Píkọ́ọ̀pù tó bá ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ kì í pẹ́ kó tó fi ọ̀dà sílẹ̀. Ó lè kó ẹja ní ọjà Olúwo láàárọ̀, kó gba títì Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sàn-án, kó sì yà sí ọ̀nà oko kí ilẹ̀ tó ṣú. Táyà mẹ́rin kan náà ló máa gbé e la gbogbo rẹ̀ já. Iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ṣe táyà tí à ń pè ní A/T (All-Terrain, ìyẹn táyà gbogbo ilẹ̀) fún. Ṣùgbọ́n A/T pọ̀ lóríṣiríṣi, èyí tí ojú rẹ̀ sì le jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù kì í sábà jẹ́ èyí tó yẹ ọkọ̀ náà jù lọ.

Ojú táyà la kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹ jẹ́ ká pe àwọn rọ́bà tó yọ síta ní eyín, ká sì pe àlàfo àárín wọn ní poro. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, bí rọ́bà tó kanlẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ọkọ̀ ṣe ń di ọ̀nà mú. Ìdí nìyẹn tí eyín táyà H/T, táyà títì, fi sún mọ́ra. Nínú ẹrẹ̀, poro ló ń ṣiṣẹ́: ẹrẹ̀ á wọ inú rẹ̀, táyà á yí, á sì fọ́n ẹrẹ̀ náà dànù kí eyín tó tún padà kan ilẹ̀. Bí poro bá há, ẹrẹ̀ pupa á dì sínú rẹ̀, ojú táyà á wá dán bí ìdí àwo, ọkọ̀ á sì máa yọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Poro táyà M/T, táyà ẹrẹ̀, fẹ̀ gan-an nítorí èyí. Àmọ́ M/T ń pariwo lórí ọ̀dà, ó ń tètè jẹ níbẹ̀, ó ń fa epo, bí òjò bá sì rọ̀ sórí títì, ọkọ̀ máa ń jìnnà kó tó dúró lẹ́yìn tí a bá ti tẹ bíréèkì. A/T wà láàárín H/T àti M/T. Èyí tó dáa nínú wọn máa ń ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí eyín kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìlà yìí ló ń jẹ́ kí eyín rí ọ̀dà tútù dì mú, nítorí náà ẹni tó ń rìn lóṣù kẹfà, nígbà tí òjò ń rọ̀ jù lọ, kò gbọdọ̀ fojú fò wọ́n.

Ilẹ̀ agbègbè yìí kò sì rí bákan náà. Apá Eredo àti Ìlàrá jẹ́ ilẹ̀ pupa tó ń di ẹrẹ̀ lẹ́yìn òjò. Lápá ọ̀sà, àti bí a bá ṣe ń lọ sí Ibẹ́jú àti Lẹ́kí, iyanrìn ló gba ilẹ̀ kan. Eyín gàǹgà tó wúlò nínú ẹrẹ̀ lè ṣe ìjàǹbá nínú iyanrìn, torí pé gbígbẹ́ ni yóò máa gbẹ́ ẹ, títí ọkọ̀ yóò fi sin ara rẹ̀ dé àyà. Ohun tí iyanrìn ń fẹ́ ni kí táyà tẹ́ lé e lórí. Bí ẹrù inú ọkọ̀ kò bá pọ̀, a lè jo afẹ́fẹ́ táyà wálẹ̀ sí nǹkan bíi 20 psi lórí géèjì. Ibi tó kan ilẹ̀ á gùn sí i, ìwúwo ọkọ̀ á sì tàn ká. Kí a máa rọra wà á, kí a má sì fa sítíárìn lójijì, kí táyà má baà bọ́ lára rímù. Kí ọkọ̀ náà tó padà sórí ọ̀dà, dandan ni kí a fẹ́ ẹ padà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré tó ń sáré á máa ká, á máa nà, á gbóná láti inú, á sì bẹ́. Ẹni tó ń wọ iyanrìn lóòrèkóòrè nílò pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀ àti géèjì tirẹ̀. Owó tí a ná lórí àwọn méjèèjì yìí ń ṣiṣẹ́ ju owó tí a fi kún un kí a lè ra orúkọ táyà tó lókìkí.

Lẹ́yìn ojú táyà, ẹ wá ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Hilux, ohun tí ẹ máa rí ni 265/65R17. Táyà náà fẹ̀ ní mìlímítà 265, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, rímù rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 17. Àwọn kan fẹ́ kí ọkọ̀ ga, wọ́n á wá gbé 265/70R17 sí i. Táyà yẹn ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bíi mìlímítà 26, nítorí náà bí ọwọ́ ìwọ̀n eré bá ń tọ́ka sí 100, ọkọ̀ ti ń sá nǹkan bíi 103. Ó tún lè máa ha inú mọ́gáàdì bí a bá yí sítíárìn dópin, ẹ́ńjìnnì á sì túbọ̀ máa ṣe wàhálà kó tó fa ẹrù. Fún ọkọ̀ iṣẹ́, ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fi sí i ló tọ́.

Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ìwọ̀n yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà, bẹ́ẹ̀ òun ló sì kan ẹ̀mí jù. Bí a bá rí 112S, 112 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kílò 1,120. S ní kó má sáré ju kìlómítà 180 ní wákàtí kan. Táyà tí wọ́n kọ LT (Light Truck, ìyẹn táyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré) sí lára lè ní 121, ìyẹn kílò 1,450. Ogún àpò sìmẹ́ńtì ti di kílò 1,000. Táǹkì omi oní-lítà 1,000 tó kún ju bẹ́ẹ̀ lọ, táyà ẹ̀yìn méjèèjì ló sì ń ru èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà LT nípọn, kùkùté àti òkúta kì í tètè la á. Àmọ́ ó máa ń le bí ọkọ̀ bá ṣófo, ó sì nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i kó tó lè gbé ẹrù tí táyà lásán gbé. Nítorí náà, bí a bá ti pààrọ̀ sí LT, nọ́ńbà afẹ́fẹ́ tó wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀ kò tó mọ́. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò ju èèyàn mẹ́rin àti àpò oúnjẹ ẹja díẹ̀ lọ kò nílò LT rárá.

Ọjọ́ orí táyà wá kù. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó parí ìlà tí wọ́n kọ DOT sí ní ẹ̀gbẹ́ táyà: 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2024. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé táyà wọlé fún wa, àwọn oníṣòwò kan sì máa ń ki táyà sínú táyà kí kọ̀ńténà lè gbà sí i. Wáyà inú rẹ̀ á ti ṣẹ́ po kí ó tó dé etí òkun, ọjọ́ ti pẹ́ tí SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdára ọjà, sì ti ń kìlọ̀ nípa rẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ táyà tuntun bá rí gbágungbàgun, tàbí etí rẹ̀ wọ́, ẹ dá a padà. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Táyà àlòkù wà lára ohun tí kọ́sítọ́ọ̀mù kò gbà kó wọlé, síbẹ̀ wọ́n ń tà á lẹ́bàá títì. Eyín A/T tòkunbọ̀ lè jìn dáadáa kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gbó. Ẹ wo ìsàlẹ̀ poro bóyá ó ti ń sán. Àwòrán òkè àti yìnyín tó wà lára àwọn kan dá lórí ìrìn nínú yìnyín, kò sí ìdí láti san owó lé e.

Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ọ̀kan náà. Bí a bá ti fi Hilux sí fọ́ọ̀-wíìlì, iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ máa yí ní ìwọ̀n kan náà, táyà tí gíga wọn kò dọ́gba á sì máa fa jíà ya. Bí owó kò bá ju ti méjì lọ, kí tuntun wà lẹ́yìn, torí bí ẹ̀yìn bá yọ̀ lórí ọ̀dà tútù, ó ṣòro fún awakọ̀ láti gbà á padà. Kí a máa pààrọ̀ ipò wọn ní gbogbo kìlómítà 8,000 sí 10,000. Ààmì inú poro tó ń fi hàn pé táyà ti jẹ tán dúró ní mìlímítà 1.6, ṣùgbọ́n A/T kò ní wúlò nínú ẹrẹ̀ mọ́ tipẹ́tipẹ́ kó tó jẹ dé ibẹ̀.

Sípéà, táyà àfipamọ́, náà gbọ́dọ̀ ga bákan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí táyà rẹ̀ bẹ́ nínú ẹrẹ̀ kò ní lè lo fọ́ọ̀-wíìlì láìséwu. Abẹ́ ọkọ̀ ló máa ń wà, a sì máa ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Kí fọkanáísà máa sọ ọ́ kalẹ̀ nígbàkígbà tó bá ń pààrọ̀ ipò àwọn yòókù, kó fẹ́ ẹ, kó sì fi gíríìsì sí ṣéènì tó so ó rọ̀.