“A ò lẹ́nì kan níbẹ̀”: ohun tó ń gba àyè mọ́ ọmọ yín lọ́wọ́

Lọ́dọọdún, tí àwọn yunifásítì bá ti ń gbé orúkọ jáde, gbólóhùn kan náà ni mò ń gbọ́ ní Abuja níbí, láti Kubwa dé Nyanya, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú àti níwájú mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀: “A ò lẹ́nì kan níbẹ̀ ni wọn ò ṣe gba ọmọ wa.” Bàbá á sọ ọ́, ìyá á kín in lẹ́yìn, àbúrò bàbá á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti ń wá nọ́ńbà ẹnìkan tí àna rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Bwari, níbi tí olú iléeṣẹ́ JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò àṣewọlé yunifásítì, wà. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn ti ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá. Kò sí ẹni tó bi í pé: kí lo kọ sínú fọ́ọ̀mù yẹn gan-an?

Bwari tí wọ́n ń sáré lọ yẹn pàápàá ń pa mí lẹ́rìn-ín. JAMB kì í yan ọmọ fún yunifásítì. Yunifásítì ló ń yan èyí tó fẹ́, á fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sórí CAPS, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2017. JAMB á wá wò ó bóyá ó bá ìlànà mu, á fọwọ́ sí i tàbí kó dá a padà. Ẹni tó bá ti àárọ̀ lọ jókòó sí Bwari, ilẹ̀kùn ilé onílé ló ń kàn.

Mi ò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ máàkì, torí ó yẹ kí gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n. Iye tí JAMB máa ń kéde, bíi 150 tí wọ́n fi lélẹ̀ fún yunifásítì ní 2025, ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ kò lè bá wọn du ohunkóhun. Ẹni tó bá kọjá ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Nínú èsì àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún náà, nínú ọmọ 1,955,069, àwọn tó gba 300 sókè jẹ́ 12,414, àwọn tó wà láàárín 250 sí 299 jẹ́ 73,441. Ọmọ yín tó gba 260, tí gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún, ó ṣe dáadáa o. Ṣùgbọ́n kò dá nìkan wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ló sì fẹ́ di dókítà bíi tirẹ̀.

Ọ̀tọ̀ sì ni ìṣirò tí yunifásítì máa ń ṣe fúnra rẹ̀. Ní Ìbàdàn, wọ́n máa ń fi 8 pín máàkì JAMB, wọ́n á fi 2 pín ti Post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe, wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀. Ọmọ tó gba 280 ní JAMB, tó wá gba 44 nínú Post-UTME, 57 ló ní. Ọmọ tó gba 250, tó lọ gba 70 nínú ìdánwò kejì, 66.25 ni tirẹ̀. Ó ti fi ẹni 280 sẹ́yìn jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ lè má mọ ẹnikẹ́ni láti Ìbàdàn títí dé Sókótó.

Ibi tí mo fẹ́ jókòó sí wàyí ni ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀, torí ibẹ̀ ló máa ń sú mi jù lọ. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àgbà, mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó kàwé jù mí lọ, ọdún tó tẹ̀lé e wọ́n á tún bi mí.

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í kó gbogbo ọmọ sójú kan wò. Nínú àyè 100, 45 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. 35 jẹ́ ti àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà mọ́ yunifásítì náà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní catchment. 20 tó kù jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí pé ètò ẹ̀kọ́ wọn ṣì wà lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní ELDS. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n: gbogbo ìpínlẹ̀ 19 tó wà ní Òkè Ọya, pẹ̀lú Bayelsa, Cross River, Ebonyi àti Rivers.

Ibí ni àwọn ará wa ti máa ń fò sókè. “Ọmọ Abuja lọmọ wa! Gwagwalada la bí i sí, Kubwa ló ti ka ìwé láti jẹ́léósimi, Hausa ló fi ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ jà nínú ilé. Ṣé kì í ṣe ọmọ Òkè Ọya nìyẹn?”

Rárá. Fọ́ọ̀mù ò béèrè ibi tí ẹ ti wẹ ọmọ yín. Abala 318 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ti sọ ẹni tó lè pe ara rẹ̀ ní ọmọ ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí àgbà rẹ̀, bá jẹ́ onílẹ̀ ní ìlú kan nínú ìpínlẹ̀ náà. Ọdún tí ẹ ti lò ní Kubwa kò sí nínú rẹ̀. Owó orí tí ẹ ń san kò sí nínú rẹ̀. Ilé tí ẹ fi gbogbo owó àjẹmọ́nú kọ́ sí Dei-Dei, kò sí nínú rẹ̀. Mi ò sọ pé ó dára bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ìyà ni fún ọmọ tí kò mọ ilé míì ju ibi tí wọ́n ti ń sọ fún un pé àlejò ni. Ṣùgbọ́n bí òfin ṣe wà nìyẹn, ìbínú wa kò tíì yí i padà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí wọ́n bí sí Abuja. Ògùn ni ìpínlẹ̀ rẹ̀, Ògùn ò sí nínú ELDS. Tó bá lọ mú yunifásítì àpapọ̀ ní Òkè Ọya tí wọn ò ka Ògùn mọ́, inú 45 yẹn nìkan ló kù fún un láti bá gbogbo Nàìjíríà du. Tó bá jẹ́ Ilé-Ifẹ̀ tàbí Yunifásítì Èkó ló mú, ọmọ ilé ni wọ́n máa kà á sí, torí Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì ni catchment àwọn méjèèjì. Ọmọ yìí lè má tíì sun Ìjẹ̀bú-Òde rí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n nítorí ìbẹ̀rù ọ̀nà Lọ́kọ́ja, àti nítorí pé ìyá rẹ̀ fẹ́ kó máa wálé lópin ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ Ifẹ̀ nínú ilé wọn. Wọ́n ní ìdí tiwọn, mi ò bá wọn jà sí i. Kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi sọ ilẹ̀kùn méjì di ẹyọ kan.

Ẹ tún wo ọmọ Ọ̀fà, tàbí ọmọ Kabba. Yorùbá pọ́ńbélé ni wọ́n, wọ́n sì pọ̀ ní Abuja. Nítorí bẹ́ẹ̀, àwọn òbí wọn gbà pé Ifẹ̀ ni ilé. Odùduwà kò bá wọn ṣe catchment o! Kwara àti Kogi ò sí nínú mẹ́fà tí mo kà sókè yìí. Inú ELDS ni àyè tiwọn wà, nínú 20 yẹn, ó sì ti ṣẹlẹ̀ pé ọmọ Ọ̀fà wọlé síbi tí ọmọ Ìjẹ̀bú tó jù ú lọ ní máàkì ti ń sunkún. Ẹ wá gbọ́ ohun tí bàbá ọmọ Ìjẹ̀bú sọ: “Wọ́n lẹ́nì kan níbẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ “ẹnìkan” yìí kì í jẹ̀bi rí. Tí ọmọ bá wọlé, Ọlọ́run ló ṣe é, orí rẹ̀ sì pé. Tí kò bá wọlé, ẹni-mọ-ẹni ló fà á. Kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí kò ní bá a mu. Ìgbàgbọ́ tí ohun gbogbo bá mu báyìí, mi ò mọ ohun tí a lè fi dán an wò.

Kí n má sì di ẹ̀bi ru àwọn àgbà, ó níbi tí wọ́n ti rí i. Láyé ìgbà tí àwọn fúnra wọn ń wá àyè, 40, 30 àti 20 ni wọ́n ń pín in sí. 10 tó kù wà lọ́wọ́ ọ̀gá yunifásítì láti fún ẹni tó bá wù ú. Ẹ ò rí i pé “ẹnìkan” wà nígbà yẹn, tí ìwé ìlànà pàápàá mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti pa ìdá yẹn rẹ́, wọ́n pín in kún 40 àti 30. Ṣé ìyẹn ní kò sí ẹni tó ń gba ẹ̀yìn wọlé mọ́? Mi ò lè búra. Nàìjíríà la wà. Ohun tí mo lè sọ ni pé nínú àwọn ilé tí wọ́n ti gbé fọ́ọ̀mù ọmọ wá bá mi, mo sábà máa ń rí nǹkan kan nínú fọ́ọ̀mù náà kí n tó nílò láti ronú kan ọ̀gá kankan. Ó lè jẹ́ pé àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ lóòótọ́ kì í gbé fọ́ọ̀mù wá bá mi.

Èyí tí mo sì ń rí jù ni ti èsì WAEC. Ọmọ tó forúkọ sílẹ̀ fún JAMB nígbà tí èsì rẹ̀ kò tíì jáde gbọ́dọ̀ padà lọ sí ibùdó CBT, ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò JAMB, láti gbé e sórí CAPS. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé WAEC á fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Yunifásítì tí kò bá rí èsì kò ní nǹkan kan tó máa fi dábàá ọmọ. Ẹ ṣí CAPS lónìí, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ èsì sí. Tó bá ṣófo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀gá Bwari sílẹ̀ ná.

Mo mọ ìdí tí gbólóhùn yẹn fi dùn lẹ́nu. Ó ń gba ìyá sílẹ̀, ó ń gba ọmọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣe àṣìṣe nínú ilé. Ó sì sàn ju ti àwọn tó ń gbé ọmọ lọ sórí òkè pé ẹ̀mí kan ń lé e. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà nínú yàrá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń gbọ́ pé ìwé tó fi òru kà kò já mọ́ nǹkan kan. Ó tún ń gbọ́ pé bàbá òun ò tó ẹni tó ń mọ èèyàn, bẹ́ẹ̀ bàbá náà ló ń sọ ọ́. Ọmọ tó bá gba èyí gbọ́, bóyá ni yóò fi ọkàn kàwé tó bá di ìdánwò ọdún tó ń bọ̀. Ó kéré tán, èmi ò ní lè kà á.

Ibi tó wá ń bà mí lẹ́rù ni ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn náà. Àwọn kan ti gba ìwé ọmọ onílẹ̀ lọ́nà ẹ̀bùrú ní ọ̀kan nínú àwọn káńsù Abuja, kí ọmọ Ọ̀yọ́ lè di ọmọ Gbagyi lórí pépà. Ẹ má dán an wò. Yunifásítì máa ń béèrè ìwé yẹn nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ìwé ọmọ tuntun wò, irọ́ tí kò sì hàn lọ́dún kìn-ín-ní lè hàn lọ́dún kẹrin, tí ẹ ti san owó ilé ìwé tán. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ìyá ọmọ jẹ́ ọmọ Bwari, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Ẹ padà lọ ka abala 318 yẹn dáadáa, ẹ béèrè ohun tó tọ́ sí yín.

Ẹni tó bá sì ní òun máa fi ọmọ wọlé láìsí CAPS, ẹ sá fún un. JAMB ti ṣíjú àánú wo àwọn tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ láàárín 2017 sí 2020. Ẹ má retí irú rẹ̀ mọ́. Ọmọ tí kò bá ní ìwé ìgbaniwọlé JAMB lè jókòó sí kíláàsì, ó lè ṣe ìdánwò, ó lè wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́yege. Ó di ìgbà tí NYSC bá ń pe orúkọ kó tó mọ̀ pé tòun ò sí níbẹ̀.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún máa ń sọ pé kí ẹ ṣe sùúrù, orúkọ mìíràn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn Kérésì. Ẹ sì ṣe sùúrù. Ní 2025, ọjọ́ 3 oṣù Kejì ni JAMB bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ tuntun, ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ló parí. Ó kù díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, àwọn ilé kan wà tí wọn ò jẹ́ kí ọmọ ra fọ́ọ̀mù, nítorí ẹnìkan ti ní òun ń bá wọn sọ̀rọ̀.