Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ìkódọ̀tí ní ilẹ̀ yìnyín

Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ìkódọ̀tí ní ilẹ̀ yìnyín ni akitiyan àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti palẹ̀ pàǹtírí mọ́ ní Àkítíìkì, ní ìpẹ̀kun àríwá ayé, àti ní Àǹtákítíkà, ní ìpẹ̀kun gúúsù. Ó fara jọ ọ̀wẹ̀ tí wọ́n ń bẹ̀ ní Yàgbà àti Ìjùmú, àfi pé ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló máa ń bọ́ àwọn tó wá. Níhìn-ín, olùyọ̀ǹda ló sábà máa ń fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀.

Pàǹtírí ibẹ̀

Ní Àǹtákítíkà, àwọn ibùdó ìwádìí ló fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀: àgbá epo, irin ẹ̀rọ, ilé tí wọ́n pa tì. Ní Svalbard, àwọn erékùṣù kan ní Àkítíìkì tó wà lábẹ́ Nọ́wè, àwọ̀n àti okùn àwọn apẹja ló pọ̀ létíkun. Ìwo àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín a sì máa há sínú wọn. Òtútù kì í jẹ́ kí nǹkan tètè jẹrà. Pákó tí wọ́n bá jù sẹ́yìnkùlé ní Kàbà, kò ní pẹ́ tí ikán á fi jẹ ẹ́ tán, ṣùgbọ́n ilé onípákó tí ikọ̀ Ernest Shackleton, arìnrìn-àjò ilẹ̀ yìnyín, kọ́ sí Cape Royds ní Àǹtákítíkà ní 1908 ṣì wà lórí ìdúró.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣà

Ibí ni iṣẹ́ náà ti le jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ni àwọn arìnrìn-àjò máa ń ròyìn. Ní Svalbard, òfin dáàbò bo ohun tí ọwọ́ ènìyàn fi sílẹ̀ ṣáájú 1946. Ìṣó tó ti dípẹtà, àfọ́kù ìgò, pákó ọkọ̀ àwọn tó ń pa ẹja àbùùbùtán nígbà kan: òfin kò kà wọ́n sí pàǹtírí, ẹni tó bá sì sọ wọ́n sápò ti rúfin. Olùyọ̀ǹda tó bá rí irin tí kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, kó bi olórí ikọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án.

Fún Àǹtákítíkà, Àdéhùn Madrid lórí ààbò àyíká, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1991, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1998, ní kí ẹni tó da pàǹtírí sílẹ̀ kó o kúrò, àfi tí ibẹ̀ bá jẹ́ ojúkò ìtàn, tàbí tí kíkó o yóò ba àyíká jẹ́ ju fífi í sílẹ̀ lọ. Àgbá tó ti jẹ, tí epo ṣì kù nínú rẹ̀, lè jò sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ hú u.

Àwọn ìrìn àjò

Robert Swan, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fẹsẹ̀ rìn dé ìpẹ̀kun gúúsù ní 1986 àti ti àríwá ní 1989, kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí Bellingshausen, ibùdó Rọ́ṣíà kan ní Àǹtákítíkà. Àjọ rẹ̀ sọ pé pàǹtírí tí wọ́n kó níbẹ̀ tó 1,500 tọ́ọ̀nù. Àwọn olùyọ̀ǹda ti ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Bely, ní Àkítíìkì ti Rọ́ṣíà, náà.

Láti ìwọ̀ oòrùn Kogí

Nàìjíríà kò sí lára àwọn tó fọwọ́ sí Àdéhùn Àǹtákítíkà ti 1959, kò sì ní ibùdó níbẹ̀. Ó jọ pé Svalbard ló máa rọrùn jù fún ará Mọ̀pà tàbí Ìsánlú. Svalbard kì í béèrè físà, ṣùgbọ́n Nọ́wè ni wọ́n sábà máa ń gbà débẹ̀, Nọ́wè sì ń béèrè físà Schengen, físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. Èyí tó gba wíwọlé ẹ̀ẹ̀mejì ni kéèyàn gbà, torí ẹni tó bá ti dé Svalbard ti jáde kúrò ní Schengen, ó sì ní láti tún wọ Nọ́wè kó tó lè padà sílé.