Àkáǹtì Ni Áàpù Ń Bá Lọ: Bí Ètò Ọjà Tí A Ti Rà Lórí Mac App Store Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Nígbà tí Apple ṣí Mac App Store, ilé ìtajà áàpù fún kọ̀ǹpútà Mac rẹ̀, ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 2011, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí ríra sọ́fítíwíà ni kí wọ́n gba díìsìkì nínú páálí, tàbí kí wọ́n gba nọ́ńbà gígùn kan nínú íméèlì, kí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn tọ́jú rẹ̀. Bí díìsìkì bá họ tàbí tí nọ́ńbà bá sọnù, owó ti wọgbó. Ilé ìtajà tuntun yìí yí ètò náà padà láti ìpìlẹ̀, torí pé orúkọ àkáǹtì olùrà ni wọ́n ń kọ ọjà sí, wọn kì í kọ ọ́ sí orúkọ kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Inú ìyàtọ̀ yìí ni ìrọ̀rùn ètò náà àti ọ̀pọ̀ wàhálà rẹ̀ ti ń wá.

Àkáǹtì tí à ń sọ yìí ni wọ́n ń pè ní Apple ID kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ sí Apple Account ní ọdún 2024. Gbogbo áàpù tí a bá fi gbà, ìbáà jẹ́ èyí tí a sanwó fún tàbí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ló wà nínú àkọsílẹ̀ lórí sáfà Apple. Ẹni tó bá fẹ́ rí àkọsílẹ̀ náà yóò ṣí App Store lórí Mac rẹ̀, yóò sì tẹ orúkọ ara rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì. Áàpù tí kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà náà yóò ní àmì àwọsánmà tí ọfà ń ti inú rẹ̀ wálẹ̀; bí a bá ti tẹ àmì yẹn, áàpù náà yóò padà wá láìsí pé wọ́n tún gbowó. Dátà nìkan ni yóò náni, ọ̀rọ̀ dátà yìí kò sì kéré fún ẹni tó ń ra gígábáìtì lọ́wọ́ iléeṣẹ́ fóònù, torí pé áàpù bíi Xcode, tí àwọn tó ń ṣe áàpù fi ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ń gba ọ̀pọ̀ gígábáìtì.

Ohun tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé a ní ẹ̀tọ́ sí áàpù kan ni rìsíìtì. Fáìlì kékeré ni rìsíìtì yìí, inú áàpù náà fúnra rẹ̀ ni App Store sì máa ń fi í sí, nínú fódà tó ń jẹ́ _MASReceipt. Apple ti fọwọ́ sí i lọ́nà tó jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá yí i padà, àṣírí yóò tú. Ó gbé orúkọ ìdánimọ̀ áàpù náà àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, ó sì tún gbé àmì kan tí wọ́n ṣírò láti ara nọ́ńbà ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà gan-an. Áàpù tí àwọn tó ṣe é bá fi àyẹ̀wò yìí sí yóò wo rìsíìtì rẹ̀ nígbàkigbà tí a bá ṣí i. Bí a bá fi fláàṣì kó o láti orí Mac ọ̀rẹ́ wa sórí tiwa, ìṣirò náà kò ní bára mu, áàpù náà yóò pa ara rẹ̀ dé pẹ̀lú kóòdù 173, tó ń sọ pé rìsíìtì náà kò péye, macOS, ètò tó ń darí Mac, yóò sì ní kí a fi àkáǹtì tó rà á wọlé kí òun lè gba rìsíìtì tuntun.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ìwé-ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà tí ètò rìsíìtì yìí gbára lé kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Àwọn áàpù tí kò ní àléébù kankan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti ṣí, kọ̀ǹpútà sì ń sọ pé wọ́n ti bàjẹ́. Àwọn kan ní láti pa kọ̀ǹpútà kí wọ́n tún un tàn, àwọn mìíràn yọ áàpù náà kúrò kí wọ́n tó tún un gbà. Àkọsílẹ̀ ọjà wọn kò yingin ní gbogbo àkókò yẹn, nítorí náà kò yẹ kí ẹni tó bá rí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ sáré lọ tún áàpù rà.

Àtúnṣe tuntun kì í sábà gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ti ra áàpù. Àwọn tó ra Final Cut Pro X, áàpù Apple tí wọ́n fi ń to fídíò, ní dọ́là 299.99 nígbà tó jáde ní 2011 gba àtúnṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsan owó mìíràn. Àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ títí, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń gbé ẹ̀dà ńlá tuntun jáde bí áàpù ọ̀tọ̀ tí a ó tún rà, tí ti àtijọ́ á sì wà nínú àkọsílẹ̀ níbẹ̀.

Wíwà nínú àkọsílẹ̀ kò sọ pé áàpù yóò máa ṣiṣẹ́ lọ. macOS Catalina, tó dé ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, kọ gbogbo áàpù 32-bit, ìyẹn irú áàpù àtijọ́, yálà a sanwó fún wọn tàbí a kò san. Ẹni tó ṣe áàpù sì lè yọ ọ́ kúrò lórí App Store. Òmíràn á ṣì ṣeé gbà padà lẹ́yìn náà, òmíràn kò ní ṣeé gbà mọ́. Ẹni tí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ bá dúró lórí áàpù kan kò gbọ́dọ̀ fi ti App Store nìkan ṣe, kí ó ní ẹ̀dà rẹ̀ lórí hard drive ìta, irú èyí tí Time Machine, ètò inú Mac tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì pamọ́, máa ń ṣe.

Ibi tó le jù ni ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹni tó ṣí àkáǹtì rẹ̀ sí Nàìjíríà tó sì kó lọ sí London lè yí orílẹ̀-èdè àkáǹtì náà padà, àmọ́ ó ní láti kọ́kọ́ ná owó tó kù nínú rẹ̀ tán, kí ó fagi lé owó oṣooṣù tàbí ọdọọdún tó ń san fún áàpù, kí ó sì fi àdírẹ́sì àti káàdì ibùgbé tuntun sí i. Áàpù tí kò bá sí ní ilé ìtajà orílẹ̀-èdè tuntun lè má ṣeé gbà padà, nítorí náà kí a ti gba gbogbo ohun tí a nílò sórí kọ̀ǹpútà ṣáájú. Àwọn kan ń yẹra fún làálàá yìí nípa ṣíṣí àkáǹtì kejì. Ọjà wọn yóò wá pín sí méjì, áàpù tí wọ́n rà tẹ́lẹ̀ yóò sì máa béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé àkáǹtì àtijọ́ nígbà àtúnṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Apple gbé ọ̀nà kan jáde láti kó ọjà inú àkáǹtì kan sínú òmíràn, ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, kò sí fún àwọn tó wà ní UK, Íńdíà àti àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù.

Nínú ilé kan, èèyàn mẹ́fà lè jọ lo ọjà nípasẹ̀ Family Sharing bí ẹni tó ṣe áàpù bá gbà á láyè. Èyí tí a bá fi pamọ́ nínú àkọsílẹ̀ wa kò ní hàn sí wọn, a sì lè tú u síta padà nínú Account Settings.

Ẹni tó fẹ́ ta Mac rẹ̀ lè nù ún mọ́ pátápátá láìbẹ̀rù, ọjà rẹ̀ kò bá kọ̀ǹpútà lọ. Kí ó kàn rántí pé yíyọ áàpù kúrò kì í dá owó oṣooṣù rẹ̀ dúró. Àkáǹtì gan-an ló yẹ kí ó ṣọ́: bí síìmù tí kóòdù ìwọlé ń gbà wá bá sọnù, gbígba àkáǹtì padà lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kí ó fi nọ́ńbà kejì sí i, kí ó sì yan ẹnìkan tó fọkàn tán, tó ń lo ẹ̀rọ Apple, tí yóò lè bá a gba kóòdù ìmúpadàbọ̀sípò lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dí.