Bootstrap: aṣọ ẹgbẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ní Ojúde Ọba, ará Ìjẹ̀bú-Òde kì í dúró kí wọ́n sún mọ́ òun kó tó mọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń bọ̀. Aṣọ ti sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún èmi tí mo ń kọ́ wẹ́ẹ̀bù-sáìtì. Tí mo bá ti rí bọ́tìnnì búlúù kan báyìí, mo ti mọ̀ pé Bootstrap ni, àkójọ kóòdù ọ̀fẹ́ tí a fi ń ṣe ojúewé wẹ́ẹ̀bù.

Ọdún 1994 ni Håkon Wium Lie dá àbá CSS, èdè tí a fi ń ṣe ojúewé lọ́ṣọ̀ọ́. Ó mọ àwọ̀ àti lẹ́tà dáadáa, ṣùgbọ́n pípín ojúewé sí apá-apá ni ìyọnu. Àtẹ (table) tí wọ́n ṣe fún títo ìsọfúnni làwọn èèyàn ń fi ṣe é (àti èmi náà, ẹ má bínú). Ní 2008, 960 Grid System ti Nathan Smith pín fífẹ̀ ojúewé sí kọ́lọ́ọ̀mù 12 tàbí 16, bí ìgbà tí ahunṣọ bá hun aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kí télọ̀ tó rán an pọ̀. Èèyàn lè pín 12 sí méjì, mẹ́ta, mẹ́rin tàbí mẹ́fà láìṣẹ́kù.

Ní Twitter, oníkálukú ló ń fi ohun tó mọ̀ kọ́ irinṣẹ́ abẹ́lé, débi pé bọ́tìnnì ibí kò jọ tọ̀hún. Mark Otto àti Jacob Thornton bá kó gbogbo rẹ̀ sójú kan, wọ́n pè é ní Twitter Blueprint. Ní August 19, 2011, wọ́n gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú orúkọ Bootstrap.

Ti 2013, ẹ̀dà kẹta, ló bá tiwa mu jù, nítorí fóònù ló fi ṣe àkọ́kọ́. Inú fíláàṣì ni mo gbé tèmi sí, torí dátà wọ́n. Mo fi ṣe ojúewé fún màmá kan tó ń ta gàrí Ìjẹ̀bú: àwòrán gàrí, iye kọ́ńgò kan, nọ́ńbà fóònù. Mo kọ “col-md-4” (ìyẹn, gba mẹ́rin nínú kọ́lọ́ọ̀mù 12) lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí kọ̀ǹpútà. Lórí Tecno màmá, wọ́n tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Inú mi dùn. Màmá wò ó títí.

“Ọmọ mi, kí ló dé tó fi jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì wa?”

Bootstrap náà ni ti ṣọ́ọ̀ṣì.

Kì í ṣe màmá nìkan ni ìjọra yẹn sú. Nígbà tí Adam Wathan gbé Tailwind, irinṣẹ́ CSS mìíràn, jáde ní 2017, òwú ló fún wa, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ti rán: oníkálukú á hun tirẹ̀. Bootstrap náà kò sùn o. Ẹ̀dà karùn-ún, tó jáde ní 2021, ti já jQuery sílẹ̀, àkójọ kóòdù JavaScript tó ti gbára lé tẹ́lẹ̀.

Orí ẹ̀dà kẹta ni ojúewé gàrí ṣì wà. Bọ́tìnnì yẹn nìkan ni mo yí padà sí àwọ̀ ewé.